Virginia Woolf: Àìsàn Òǹkọ̀wé àti Iṣẹ́ Ọnà Rẹ̀

Ìfáárà

Nínú ìtàn lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Virginia Woolf jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tí wọ́n sọ ìtàn-àròsọ di ọ̀tun lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ikú rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn lámèyítọ́ kan máa ń ti ẹ̀yìn ka ìwé rẹ̀: wọn a bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1941, tí ó gbẹ̀mí ara rẹ̀ nínú odò Ouse ní Sussex, wọn a sì sọ gbogbo ohun tí ó ti kọ ṣáájú di àmì àìsàn ọpọlọ. Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé irú kíkà bẹ́ẹ̀ ń ṣi lámèyítọ́ lọ́nà. Àìsàn lè fún òǹkọ̀wé ní amọ̀. Àìsàn kọ́ ni ó ń mọ ìkòkò.

Ìgbésí-ayé Rẹ̀ ní Ṣókí

Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní 1882. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1895, lẹ́yìn èyí ni àìsàn náà sì kọ́kọ́ kọ lù ú. Baba rẹ̀ kú ní 1904. Àìsàn náà le lọ́dún yẹn débi pé ó bẹ́ jáde lójú fèrèsé. Leonard Woolf fẹ́ ẹ ní 1912. Ní 1913 ó tún gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ìtọ́jú tí àwọn dókítà ìgbà náà mọ̀ ni kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí ó máa mu mílíìkì, kí ó sì jìnnà sí ìwé. Fún ẹni tí ìwé kíkọ jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀, ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ìjìyà.

Àwọn ìwé tí ó gbé orúkọ rẹ̀ ga, láti Jacob's Room (1922) títí dé The Waves (1931), jáde ní àkókò tí àìsàn kò dá a gúnlẹ̀ bíi ti 1913. Ara tí ó le díẹ̀ ni ó fi kọ wọ́n.

Septimus àti Àwọn Dókítà Rẹ̀

Nínú Mrs Dalloway (1925), Septimus Warren Smith jẹ́ ọmọ ogun tí ojú ogun ti da ọpọlọ rẹ̀ rú. Ó ń gbọ́ tí ẹyẹ ń kọrin ní èdè Gíríìkì, ohun tí Virginia sọ pé òun náà gbọ́ nígbà àìsàn òun. Ó bẹ́ lójú fèrèsé nígbà tí dókítà ń gòkè bọ̀ wá bá a. Ó rọrùn, nígbà náà, láti sọ pé Virginia ni Septimus. Ohun méjì ni ó tako èyí. Èkíní, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Virginia kọ sí ìwé náà ní 1928, ó ṣàlàyé pé Septimus kò sí nínú ètò àkọ́kọ́. Clarissa Dalloway gan-an ni ì bá kú. Òǹkọ̀wé ni ó mọ̀ọ́mọ̀ pín kádàrá kan sí ọ̀nà méjì. Èkejì, ó gbé àìsàn náà lé ọmọ ogun lórí, ọ̀rọ̀ náà sì kúrò ní ti inú ilé rẹ̀, ó di ti ìlú: ta ni ó ní àṣẹ láti pe ẹlòmíràn ní wèrè?

Àléébù kò ṣàì sí. Bradshaw, dókítà àgbà inú ìtàn náà, burú jù láti jẹ́ ènìyàn gidi. Níbẹ̀ ni ìbínú òǹkọ̀wé ti borí ọgbọ́n ìsọ̀tàn rẹ̀.

Ikú Rẹ̀

Yorùbá gbà pé ikú yá ju ẹ̀sín, ó sì lè wu òǹkàwé láti fi òwe náà túmọ̀ ikú yìí. Kò bá a mu. Kì í ṣe ẹ̀sín ni Virginia ń sá fún. Nínú lẹ́tà tí ó fi sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó sọ pé àìsàn náà ti ń padà bọ̀, pé òun kò ní gbádùn lọ́tẹ̀ yìí, àti pé òun kò fẹ́ máa ba ayé ọkọ òun jẹ́ mọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn ìgbésí-ayé lè tan ìmọ́lẹ̀ sí iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ipò rẹ̀. Mrs Dalloway bá àwọn tí wọ́n ń fi orúkọ àìsàn pa aláìsàn lẹ́nu mọ́ wí. Lámèyítọ́ tí ó bá fi orúkọ kan náà dí òǹkọ̀wé lẹ́nu ti jókòó sórí àga Bradshaw láìmọ̀.