Ta Ló Ṣe É, Kí Lorúkọ Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Wa

Láti Yábàá dé Sùúrùlérè títí wọ Mushin, Instagram ti di ìsọ̀ fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́. Aláàdìrẹ ń pàtẹ níbẹ̀, agbẹ́gilére ń pàtẹ, oníṣẹ́ awọ náà kò gbẹ́yìn. Àwòrán wọn ń dára sí i, n kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ àwòrán ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, torí ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ tèmi.

Ohun tí à ń rí jù nìyí: "Beautiful African fabric. DM for price." Kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ṣé aṣọ òkè ni àbí àdìrẹ? Bó bá jẹ́ àdìrẹ, ṣé oníko tí wọ́n fi ìko dì ni, àbí ẹlẹ́kọ, tí wọ́n fi ẹ̀kọ làfún ya ọnà sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró? Iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀, owó wọn kò sì yẹ kó dọ́gba. Ẹni tí kò bá sọ èyí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ aṣọ rẹ̀ di ẹgbẹ́ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ mọ iyì orúkọ. Ìbàdàndùn gbé òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára aṣọ. Jubilee wà fún àjọ̀dún Ọba George Karùn-ún ní 1935. Orúkọ yẹn ni oníbàárà fi ń béèrè aṣọ. Lónìí náà, orúkọ ni ẹni tó ń wá nǹkan ń tẹ̀ sínú Google. Ta ló ń tẹ "beautiful"?

Ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ ńkọ́? Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ọ̀gọ̀gà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. British Museum fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ó kú ní nǹkan bí 1938, síbẹ̀ ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, ó sì dárúkọ àwọn ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ dé. Ẹ wò ó, oríkì yẹn ń ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán yẹ kó ṣe: ta ni, ará ibo, kí ló ti ṣe.

Àwọn tó lọ ilé ẹ̀kọ́ ní àléébù tiwọn. Wọn á kó "interrogate" àti "liminal" jọ. Kí òǹkàwé tó mọ̀ pé igi ìrókò ni wọ́n gbẹ́, ó ti kọjá lọ.

Ẹlòmíràn á ní, "Prof, ṣebí nínà la ń ná ọjà?" Òótọ́ ni, ní Tẹ́júoṣó. Níbẹ̀, ẹni tó béèrè iye ti dúró níwájú yín. Ẹni tó ń wo fóònù ní London láàárín òru kò ní dúró. Ẹ kọ iye síbẹ̀, kódà kó jẹ́ "láti iye báyìí lọ sókè".

Ẹ fi àmì ohùn sí i pẹ̀lú. Gboard ní Yorùbá lórí fóònù. Oníṣẹ́ igbá fínfín tó kọ "igba" lásán, ṣé igbá ló ń tà, àbí ìgbà, àbí igba náírà?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ní àbúrò àti ọmọ nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ bá wọn jókòó, kí ẹ jọ tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kan ṣoṣo kọ: orúkọ iṣẹ́, ohun tí wọ́n fi ṣe é, bó ṣe tóbi tó, iye rẹ̀, àti ẹni tó ṣe é. Bí àwa kò bá dárúkọ iṣẹ́ wa, ẹlòmíràn á sọ ọ́ lórúkọ fún wa, á sì tà á lórúkọ tirẹ̀.