Ìdènà Inú Ẹ̀rọ: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́?

Orin kan wà tí a ti mọ̀ láti ìgbà èwe wa. Orin ìpele àkọ́kọ́ nínú eré Sonic the Hedgehog ni, eré tí ilé-iṣẹ́ Sega ti Jàpáànì gbé jáde ní ọdún 1991, tí Masato Nakamura sì ṣe orin rẹ̀. Ẹ̀rọ Mega Drive tí a fi ń ṣeré nígbà náà jẹ́ tòkunbọ̀ láti Yúróòpù, bíi ọ̀pọ̀ ẹrù tí ń gba èbúté Kútọnu wọlé. Ní ìsinmi tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan, tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà Kétu, ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá gbọ́ nǹkan. Ó ti tú irú ẹ̀rọ náà, ó sì ti fi súìṣì kékeré méjì kún un lẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a gbọ́ orin náà bí a ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ó tẹ súìṣì kan. Orin náà jí. Ìlù rẹ̀ yára, ẹsẹ̀ wa sì ti ń mì kí a tó mọ̀.

“Ọ̀gá,” ó ní, “bí wọ́n ṣe ṣe é ní Jàpáànì nìyí. Èyí tí ẹ mọ̀ yẹn, wọ́n ti fà á gùn.”

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń yọ wá lẹ́nu. Bí a bá ti ń dá iṣẹ́ ọnà kan lẹ́jọ́ fún ogún ọdún, tí ó wá hàn pé ẹ̀dà tó fara pa ni ó dé ọwọ́ wa, kí ni ìdájọ́ wa já mọ́?

Ohun tó fà á kò ṣòroó ṣàlàyé. Amóhùnmáwòrán Jàpáànì àti ti Amẹ́ríkà a máa ya àwòrán sójú rẹ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Yúróòpù, àti ti ìhà tiwa níbí, a máa yà á ní ìgbà 50. Ọ̀pọ̀ eré ìgbà náà ń fi àwòrán wọ̀nyí ka àkókò: àwòrán kan, ìgbésẹ̀ kan. Nítorí náà, bí a bá gbé eré tí a ṣe fún 60 sórí ẹ̀rọ 50 láìtún un ṣe, gbogbo rẹ̀ yóò falẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́fà. Orin tó yẹ kó parí ní ìṣẹ́jú kan yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 72. Àwòrán pẹ̀lú yóò fún pọ̀, ọ̀já dúdú yóò sì hàn lókè àti nísàlẹ̀, nítorí ìlà tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù pọ̀ ju èyí tí eré náà ní lọ. Sega fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àléébù ni. Nínú Sonic the Hedgehog 2, ní ọdún 1992, wọ́n tún orin ṣe kí ó lè máa lọ bó ti yẹ lórí ẹ̀rọ Yúróòpù. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu yóò tètè mọ ohun tí èyí bàjẹ́. Ìlù ní í sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ oníjó ní í dáhùn, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì jẹ́rìí. Bí ẹnìkan bá fa ìlù náà sẹ́yìn ní ìdá kan nínú mẹ́fà, ijó yóò ṣì wà, ère orí yóò ṣì lẹ́wà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó jókòó yóò wo ojú ara wọn. Eré sísá ni Sonic. Nínú ìyára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ẹni tó mú un falẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

A lè pe ìfàlẹ̀ yẹn ní àìbìkítà. Àwọn ìdènà mìíràn wà tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Nígbà tí Nintendo gbé Famicom jáde ní Jàpáànì ní ọdún 1983, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ẹsẹ̀ irin 60, kò sì ní àgádágodo kankan. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú ní Ṣáínà fara wé, òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì kọ́kọ́ fi mọ eré wọ̀nyí lọ́jà. Nígbà tí ẹ̀rọ kan náà dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1985, ẹsẹ̀ irin náà di 72, wọ́n sì fi ẹ̀yà kékeré kan sínú ẹ̀rọ àti òmíràn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn méjèèjì kò bá dá ara wọn mọ̀, ẹ̀rọ náà yóò máa kú, yóò máa jí, kò sì ní ṣí. Gígé ẹsẹ̀ kẹrin ẹ̀yà inú ẹ̀rọ náà ti tó láti mú ìdènà yìí kúrò. Ti Super Nintendo ti Amẹ́ríkà tilẹ̀ fẹ́ pani lẹ́rìn-ín: yàtọ̀ sí ìrísí kásẹ́ẹ̀tì, ike kékeré méjì inú ihò rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì Jàpáànì wọlé.

Mega Drive ní tirẹ̀ a máa jẹ́ kí eré bi ẹ̀rọ léèrè pé níbo ló ti wá. Nínú kásẹ́ẹ̀tì Streets of Rage ti ọdún 1991, orúkọ méjì ló wà. Bí ẹ̀rọ bá dáhùn pé Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ni òun ti wá, Streets of Rage ni yóò hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá dáhùn pé Jàpáànì ni, Bare Knuckle ni yóò hàn. Súìṣì kejì tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi òjé yíyọ́ lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ náà ló ń pààrọ̀ ìdáhùn yìí. Àwa tí ọmọ wa ń jẹ́ Jean nílé ìwé, tó ń jẹ́ Àjàní nílé, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwa ń dáhùn orúkọ méjèèjì. Ẹni tó ra kásẹ́ẹ̀tì náà kò mọ̀ pé orúkọ kejì wà.

Àdánù tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju orúkọ lọ. Seiken Densetsu 3 jáde ní Jàpáànì ní ọdún 1995. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2000. Ní ọdún 2019 ni àwọn tó ni ín tó ta á ní èdè náà, lẹ́yìn ọdún 24. Ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ìdènà ló sọ ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré di irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní Kétu, a kò lè dárúkọ ìdènà kí ọkàn wa má lọ sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Àwọn ará ìlú ló kọ́ ọ, àwọn ará ìlú ló ń ṣọ́. Ọ̀tá ni wọ́n tì í mọ́, wọ́n sì ń ṣí i fún ará oko tó ń bọ̀ wálé. Ogun Dàhòmì kó ìlú náà ní ọdún 1886, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ pé ẹnubodè náà kò nídìí. Ní ọdún 1889, ìdènà mìíràn dé: Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà, ìlà kan sì bọ́ sáàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ. A kò bi ará Kétu, a kò bi ará Ìmẹ̀kọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ìdènà kéékèèké ti ń tẹ̀lé e. Ètò àwọ̀ SECAM ti Faransé ni tẹlifíṣọ̀n Bẹ̀nẹ̀ gbà, PAL ni ti Nàìjíríà. Tẹlifíṣọ̀n tó mọ SECAM nìkan, bó tilẹ̀ gba àwòrán láti òdìkejì, kò ní fi àwọ̀ rẹ̀ hàn. Nígbà tí DVD dé, wọ́n fi Faransé sí àgbègbè 2, wọ́n fi wá sí àgbègbè 5, débi pé fíìmù tí ẹ̀gbọ́n rà ní Paris lè máà ṣí lórí ẹ̀rọ àbúrò ní Kétu.

Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìdènà nìyí: ta ni ó ń ṣọ́, ọwọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ti inú ẹ̀rọ eré ń ṣọ́ iye owó àti àkókò ìtajà àwọn tó ń ta ọjà náà. Kò ṣọ́ iṣẹ́ ọnà, nítorí iṣẹ́ ọnà gan-an ni ó ń pa lára. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò sì bèèrè fún un: Game Boy ti ọdún 1989 kò ní irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Nintendo Switch ti ọdún 2017.

Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yóò sọ pé ilẹ̀kùn olè ni à ń yìn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí a lẹ̀ mọ́ inú PlayStation káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí díísìkì ayédèrú ni, ẹni tó ṣe eré kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. A kò gbè sẹ́yìn èyí; òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa náà kò gbè é. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn méjì ni wọ́n. Ní ọdún 2005, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ọsirélíà dá ẹjọ́ Stevens àti Sony. Àwọn adájọ́ rí i pé ìdènà inú PlayStation kò dí ṣíṣe ẹ̀dà lọ́wọ́. Ó kàn ń kọ̀ láti ṣí i lẹ́yìn tí a ti ṣe é ni, ó sì ń kọ díísìkì tòótọ́ láti ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2006 dáàbò bo iṣẹ́ òǹṣèwé àti òǹṣeré, ó sì yọ ìdènà àgbègbè sọ́tọ̀. Èyí fi hàn pé a lè lé olè láìti ọmọ ilé mọ́ta.

Àwọn tó ń tú ẹ̀rọ pẹ̀lú kò mọ́ tán. Àwọn kan gbà pé 60 nìkan ni òtítọ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn eré kan wà tí a ṣe ní Yúróòpù fún 50, bí a bá sì gbé wọn sórí 60, wọn yóò sáré kọjá ààlà. Àwọn mìíràn a máa gé irin, wọn a máa lu ike ẹ̀rọ tí a kò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí a fi yin akẹ́kọ̀ọ́ wa: súìṣì ló fi sí i, kò gé ọ̀nà kan láti la òmíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ní èdè méjì, ẹ ti mọ ohun tí a ń sọ. Kí ẹ tó sọ pé ìwé kan kò dùn, tàbí pé orin kan kò yára, ẹ bèèrè ẹ̀dà tó dé ọwọ́ yín, àti ẹni tó pinnu pé òun ni yóò dé ibẹ̀. Ní tiwa, kí a tó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù náà, a bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kó dá súìṣì padà sí 50 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ìgbà èwe wa wà nínú ìfàlẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, a ní kó gbé e sí 60, a sì jókòó gbọ́ iṣẹ́ Nakamura títí dé òpin.