Ìdánwò Tí Ẹnikẹ́ni Kì í Fìdí Rẹmi Níbẹ̀: Àyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Ìdọ́gba fún Òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ẹ̀kọ́ tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún òṣìṣẹ́ wọn lórí ìdọ́gba, àti lórí bí a kò ṣe ní í ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nítorí irú ẹni tí ó jẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, àwọn yunifásítì kan sì ṣí tiwọn sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. A kò kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí amòfin. Olùkọ́ ni wá, a sì máa ń ṣètò ìdánwò. Ojú yẹn ni a fi wò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè pé kí ni ó kan akọ́mọlédè Yorùbá nínú èyí, kí ó rántí àwọn ọmọ tí a kọ́ ní ilé-ìwé girama tí wọ́n ti di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́hùn-ún, tí ó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń fún wọn ní máàkì.

Òfin ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Òfin Ìdọ́gba ti 2010 kó àwọn òfin àtijọ́ pọ̀ sójú kan, lára wọn ni ti 1975 lórí ọkùnrin àti obìnrin, ti 1976 lórí ẹ̀yà, àti ti 1995 lórí àwọn aláàbọ̀ ara. Ohun mẹ́sàn-án ni ó kà sílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ tìtorí wọn rẹ́ ènìyàn jẹ: ọjọ́ orí, àbùkù ara, yíyí padà láti ọkùnrin sí obìnrin tàbí láti obìnrin sí ọkùnrin, ìgbéyàwó, oyún àti ọmọ bíbí, ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ọkàn ẹni ń fà sí. Àlàyé tí wọ́n ṣe lórí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́lẹ̀ kedere. Apá aláàbọ̀ ara ni ó dára jù lójú tiwa, nítorí pé iṣẹ́ ni ó gbé lé olùkọ́ lọ́wọ́: kí ó tẹ ìwé ní lẹ́tà ńláńlá fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, kí ó fún ẹni tí ìwé kíkà ń dà láàmú ní àfikún àkókò nínú ìdánwò. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn.

Ìdánwò tí ó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni ó kù díẹ̀ káàtó. Irú ìbéèrè tí a ń sọ nìyí: òṣìṣẹ́ kan fi bí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé, kí ni ìwọ yóò ṣe? Ṣé ìwọ yóò bá wọn rẹ́rìn-ín ni, tàbí ìwọ yóò dákẹ́, tàbí ìwọ yóò jáde, tàbí ìwọ yóò bá ẹni náà wí ní ìdákọ́ńkọ́, kí o sì gbè sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín? Ta ni yóò mú ẹ̀rín? Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama kò jẹ́ mú un. Ẹni tí ó bá sì ṣì í lè padà ṣe é títí yóò fi gbà á, kí ìwé ẹ̀rí ó tó jáde. Gbogbo àwa tí a ń ṣètò ìdánwò ni a mọ̀ pé ìdáhùn tí kò tọ̀nà gbọ́dọ̀ jọ òótọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò dán ẹnikẹ́ni wò. Ọmọ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀, obìnrin a máa kúnlẹ̀, kí ó gba máàkì rẹ̀ pé, kí ó sì pàdé bàbá rẹ̀ àgbà lójú ọ̀nà kí ó na ọwọ́ sí i.

Àwọn tí ó ṣe ẹ̀kọ́ náà lè dáhùn pé kì í ṣe ìmọ̀ òfin nìkan ni àwọn ń kọ́ni, pé àwọn tún ń kọ́ni nípa ojúsàájú tí ènìyàn ń ṣe láìmọ̀. Òótọ́ ni. Ìdánwò tí Greenwald, McGhee àti Schwartz gbé jáde ní 1998 ni ó wà nídìí apá yìí, èyí tí ó ń wo bí ọwọ́ ẹni ṣe ń yá tó láti so ọ̀rọ̀ rere tàbí búburú mọ́ irú ènìyàn kan. Ṣùgbọ́n ní 2018, Ìgbìmọ̀ Ìdọ́gba àti Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí irú ẹ̀kọ́ yìí. Doyin Atewologun wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ ọ́, orúkọ tí kò ní í le lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ náà lè la ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń yí ìwà padà kò tó nǹkan. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba ibẹ̀ kéde pé àwọn yóò dá a dúró fún òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀ máàkì, nítorí ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀. Ìròyìn tí Universities UK àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, NUS, jọ gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nínú àwọn tí ó gboyè ní 2017/18, àwọn funfun fi 13 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké yòókù lọ ní gbígba oyè ipò kìíní tàbí ipò kejì ti òkè. A kò lè di gbogbo èyí ru olùkọ́ nìkan. Síbẹ̀, yunifásítì púpọ̀ ti fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ lórí ìwé ìdánwò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò bo ohùn. Kò bo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dìde sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, tàbí ẹni tí olùkọ́ ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, tàbí ẹni tí ó ń wá ìwé ìgbóríyìn. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí a kà, èyí kò gba ju gbólóhùn bíi mélòó kan lọ.

Òfin kò dárúkọ ohùn mọ́ àwọn mẹ́sàn-án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀, orílẹ̀-èdè àti orírun wà lábẹ́ ẹ̀yà. Ti orúkọ náà ńkọ́? Wọ́n ní kí olùkọ́ béèrè bí a ti ń pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Ìmọ̀ràn gidi ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti jẹ́ kí olùkọ́ gbọ́ orúkọ kan kí ó sì pè é padà. Bí ó bá ka Adé bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kà á, ẹni tí a fi adé sọ lórúkọ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di èèdì mọ́ yẹn! Ní ti arọ́pò-orúkọ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ojú ìwé kọ́, a gbà pé ó ṣe pàtàkì nínú èdè tiwọn. “Ó” kan ṣoṣo ni tiwa fún ọkùnrin àti obìnrin. Láàárín “o” àti “ẹ” ni ọ̀wọ̀ wà, ìyẹn kò sì sí nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Bí wọ́n bá fi ìdánwò náà lé wa lọ́wọ́, àwa yóò pa ìbéèrè onídàáhùn mẹ́rin tì. A ó gba ohùn akẹ́kọ̀ọ́ méjì sílẹ̀, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú ohùn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, èkejì pẹ̀lú ohùn ọmọ Ìbàdàn. A ó pín olùkọ́ ogún sí ọ̀nà méjì, kí mẹ́wàá gbọ́ ti èkínní, kí mẹ́wàá gbọ́ ti èkejì, kí oníkálukú kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó kọ gbogbo máàkì náà sára pátákó lójú wọn.