Ẹ Jẹ́ Kí Senakéríbù Náà Rojọ́

Bí ìwàásù kan bá wà tí mo ti gbọ́ títí tí mo fi lè kà á lórí, ti Hesekáyà àti Senakéríbù ni. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọba Ásíríà fẹ́ gba Jerúsálẹ́mù, Hesekáyà tẹ́ ìwé ìhàlẹ̀ rẹ̀ síwájú Olúwa, áńgẹ́lì jáde lóru, 185,000 ọmọ ogun sì kú kílẹ̀ tó mọ́. Ìjọ a hó yèè, oníkálukú a máa dárúkọ ọ̀tá ilé tirẹ̀ sínú àdúrà. Èmi ò bá wọn jà sí àdúrà o. Ohun tí mo ń bá àwọn oníwàásù wa fà ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń parí rẹ̀ sí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ogun yìí kì í ṣe àlọ́. Ọdún 701 kí wọ́n tó bí Jésù ló jà, àwọn tó gbé e wá sì kọ tiwọn sílẹ̀. Amọ̀ sísun olójú mẹ́fà kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀n tí Senakéríbù ní kí wọ́n kọ ìròyìn ogun rẹ̀ sí. Ó ní òun gba ìlú olódi 46 lọ́wọ́ Hesekáyà, òun kó 200,150 ènìyàn, òun sì há ọba náà mọ́ Jerúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Ẹ má gba iye ènìyàn yẹn gbọ́ tán. Ọba wo ni kì í fi àbùmọ́ kún ìròyìn ìṣẹ́gun ara rẹ̀? (Òṣùwọ̀n tí a bá fi wọn tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi wọn 185,000 náà.) Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣákọ́lẹ̀ tó ní Hesekáyà san: tálẹ́ńtì wúrà 30, ti fàdákà 800. Ẹ wá ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 18, ẹsẹ 14. Wúrà 30 gẹ́lẹ́! Fàdákà nìkan ni kò bára mu, 300 ni Bíbélì pè é. Bí ọ̀tá méjì bá ti fẹnu kò lórí iye wúrà, èmi gbà pé owó náà san.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì dáadáa, ẹ lọ wo Ìwé Àìsáyà, orí 36. Ìtàn kan náà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, àfi pé ìṣákọ́lẹ̀ yẹn kò sí níbẹ̀ rárá. Ó jọ pé ìwàásù tó ń fo ibi kíkan kò bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fi amọ̀ yìí yọ ṣùtì sí Bíbélì náà, ẹ rọra. Kò síbi tí Senakéríbù ti ní òun wọ Jerúsálẹ́mù. Nígbà tó fẹ́ fi àwòrán òkúta ṣe iyàrá kan lọ́ṣọ̀ọ́ láàfin rẹ̀ ní Nínéfè, Lákíṣì ló gbẹ́ síbẹ̀. Àbí ta ni yóò gba olú-ìlú tí yóò wá máa fi ìlú kejì yangàn?

Lákíṣì yìí gan-an ló ń dùn mí. Ìwé Àwọn Ọba Kejì kàn dárúkọ rẹ̀ pé ibẹ̀ ni ọba Ásíríà wà ni. Àwòrán ló sọ ìyókù. Wọ́n kó erùpẹ̀ àti òkúta jọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé orí odi (àwọn awalẹ̀ ti rí òkìtì náà níbẹ̀), wọ́n ti ẹ̀rọ ìwódi gùn ún. Wọ́n fi igi ṣóńṣó gún àwọn kan, wọ́n nà wọ́n ró. Àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ jókòó sórí ẹrù nínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, wọ́n ń lọ sí oko ẹrú. Ará Júdà làwọn wọ̀nyí náà, ọba kan náà ló ń jẹ lórí wọn. Ṣé wọn ò gbàdúrà ni? Kò sí áńgẹ́lì tó jáde fún wọn.

Nínú ìjọ tó ń hó yèè yẹn, obìnrin kan á wà níbẹ̀ tó gbààwẹ̀, tó sì sin ọmọ rẹ̀. Ará Lákíṣì lòun. Ẹ̀yin oníwàásù, kí lẹ fẹ́ kó gbé lọ sílé?