Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Eré Oníbànújẹ́ Tí Ó Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní Gírámà àti Àròkọ

 

Ìwé kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́dún yìí: Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré-onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1970. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ráhùn pé àwọn ọmọ wa gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kò lè kọ ọ́. Èrò mi ni pé ìwé yìí lè ṣe ohun tí ìwé gírámà nìkan kò lè ṣe fún wọn, bí a kò bá sáà gba gbogbo ẹjọ́ tí ó dá láìwádìí.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ìtàn náà. Ẹfúnṣetán ni Ìyálóde Ìbàdàn, olówó àti oníṣòwò tí ẹrú kún ilé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú sórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti pàṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù wá lóyún fún Ìtáwuyì, tí òun náà jẹ́ ẹrú. Ìyálóde ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí, ẹ̀bẹ̀ kò sì ràn án. Níkẹyìn, Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣẹ́gun Ìyálóde, obìnrin tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ohun tí ó mú ìwé náà lágbára ni pé a mọ ibi tí ìkà náà ti wá. Ohun tí ikú gbà lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán ni kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ní.

Ẹ wo gírámà tí ó wà nínú òfin rẹ̀. "Ẹrú kò lóyún" ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. "Ẹrú kì í lóyún" ń sọ ìṣe ojoojúmọ́. "Ẹrú kò ní í lóyún" ń sọ ti ọjọ́ iwájú. "Ẹrú kò gbọdọ̀ lóyún" ni òfin, òun ló sì pa Adétutù. Nínú Pidgin tí àwọn ọmọ wa ń sọ ní àdúgbò, "no" ló ń bẹ nídìí púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi "kò" ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ka ìtàn Adétutù kò tún ní í ṣi "kò gbọdọ̀" lò mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "o" àti "ẹ". Kí bàbá ka ti Látòósà sókè, kí ọmọ ṣe ẹrú tí ń bẹ Ìyálóde. Yóò mọ̀ pé a kì í bẹ àgbà pẹ̀lú "o". Ọmọ wa tí ó lọ sílé, tí ó bi bàbá àgbà pé "Bàbá, ṣé o ti jẹun?", kò ṣe àfojúdi, gírámà ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé yóò pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, àwa òbí ni ìtìjú náà yóò bá.

Ní ti àròkọ, alárìíyànjiyàn ni ìwé yìí bá mu jù. Ẹ fún ọmọ ní àkòrí yìí: "Ẹfúnṣetán nìkan ló jẹ̀bi." Bí ó bá kọ pé, "Ó pa Adétutù nítorí pé ọmọ rẹ̀ kú," ìdí nìkan ni ó sọ. Bí ó bá kọ pé, "Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ kú, kò yẹ kí ó pa Adétutù," ó ti dá ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ kékeré ló ya àlàyé sọ́tọ̀ kúrò lára àwáwí.

Ibí yìí gan-an ni èmi àti ìwé náà ti ní gbólóhùn asọ̀. Nínú eré, Látòósà dà bí olùgbàlà àwọn tí a ń ni lára. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí ó jáde ní 1921, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ fi kan Ìyálóde: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun dé. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹrú kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1874 ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, ọdún náà kò sì parí kí wọ́n tó lo àwọn ẹrú rẹ̀ láti pa á lóru. Bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí kan náà ti máa ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn ológun Ìbàdàn.

N kò sọ pé Ìṣọ̀lá purọ́. Eré kì í ṣe ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Látòósà mọ́ jù nínú eré náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ tí ó bá lè fi ìpínrọ̀ kan gbèjà Adétutù, kí ó fi òmíràn gbèjà Ẹfúnṣetán, kí ó tó wá sọ èrò tirẹ̀ ní ìkádìí, ti mọ àròkọ kọ. Ó sì ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́, èyí tí yóò wúlò fún un ní ìlú tí onírúurú ẹ̀yà jọ ń gbé bíi Warri.

Ẹ ra ìwé náà sílé. Ẹ má fi ti fíìmù nìkan mọ. Ìran kan ní alẹ́ Sunday kọ̀ọ̀kan tó. Èdè Yorùbá kò ní í kú mọ́ wa lọ́wọ́ o. Àṣẹ.