Àdùnní Olórìṣà: Àtúnṣe Tàbí Àtúndá?

Nígbà tí Susanne Wenger dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ wọ̀ sí. Ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, ti rí iṣẹ́ olùkọ́ gbà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò dá wọn dúró pẹ́. Ọgbà yunifásítì ìgbà náà dà bí abúlé Gẹ̀ẹ́sì tí a gbìn sáàárín oko Yorùbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Yorùbá gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀. Tọkọtaya náà kó lọ sí Ẹdẹ, wọ́n gbé Ìlobùú, kí obìnrin yìí tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Ibẹ̀ ni ó wà títí tí ó fi papòdà ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93.

Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ti bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òyìnbó tí ó di olórìṣà ni àwọn kan ń rí, ẹnu sì ń yà wọ́n. Àwọn mìíràn ń bínú pé àlejò ni ó wá sọ ara rẹ̀ di onílé. N kò ní bá ẹgbẹ́ méjèèjì jà. Ohun tí ó jẹ mí lógún ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun: ṣé ó tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe ni, àbí ó dá ohun tí kò sí rí? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kan gbogbo ojúbọ tí ó ń wó lọ ní ilẹ̀ wa.

Ayàwòrán ni, kí ó tó di ohunkóhun mìíràn. Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Ọ́stríà ni a bí i sí ní 1915, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ àti ní Vienna. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó lọ kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn obìnrin wa a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kì í gba aró. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàndùn mọ bí iṣẹ́ náà ti lètò tó: igun mẹ́rin mẹ́rin tò tẹ̀lé ara wọn, òpó gbọ̀ngàn Mápó sì wà láàárín àwọn ọnà náà. Ẹ̀kọ kan náà ni Wenger lò, aró kan náà ni. Ṣùgbọ́n kò gba igun mẹ́rin wọ̀nyẹn. Òrìṣà àti ènìyàn àti ẹranko ni ó yà, ńláńlá, tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn láti etí aṣọ kan dé èkejì. A ti lè rí i níbẹ̀ pé obìnrin yìí kì í ṣe adàwékọ.

Ní Ẹdẹ, Àjàgẹmọ, olórí àwọn olùsìn Ọbàtálá, gbà á sọ́dọ̀, ó sì mú un wọ inú ẹ̀sìn. Orúkọ tí ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ ni Àdùnní Olórìṣà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí ìdájọ́ tí mo fẹ́ ṣe, nítorí kò wọ inú igbó Ọ̀ṣun bí òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Olùsìn ni, ó sì ń tún ilé ìsìn ara rẹ̀ ṣe.

Ipò wo ni igbó náà wà? Ìjọba ti gbin igi tíìkì sí apá kan rẹ̀, àwọn ènìyàn ń pẹja, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń gé igi níbi tí èèwọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ikán ti jẹ òpó àti òrùlé ojúbọ. Àwọn ère igi tí ikán kò jẹ, olè ń jí wọn lọ tà fún àwọn òyìnbó. Àwọn àwòrò Ọ̀ṣun ni wọ́n ké sí i pé kí ó bá wọn tún ojúbọ wọn ṣe. Ó kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ: Adébísí Àkànjí tí í ṣe bíríkìlà, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí tí ó ń gbẹ́ òkúta, Kàsàlí Àkàngbé tí ó ń gbẹ́ igi, Ṣàká Àrẹ̀mú, àti àwọn mìíràn. Sìmẹ́ńtì àti irin ni wọ́n fi mọ Ìyá Moòpó, aláàbò iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, tí ó ga gan-an láàárín igi. Òun náà ni wọ́n fi ṣe Ilédì Oǹtótó tí òrùlé rẹ̀ nà bí ẹran afàyàfà. Ta ni yóò jí èyí gbé sínú àpótí? Sìmẹ́ńtì dáhùn olè, ó sì dáhùn ikán. Ní 1965 ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo àgbáyé.

Bí a bá fi òfin àwọn atúnnǹkanṣe ilẹ̀ Yúróòpù wọ̀n ọ́n, Wenger ṣẹ̀. Ìwé àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìlú Venice ní 1964 là á kalẹ̀ pé níbi tí àfojúsùn bá ti bẹ̀rẹ̀, kí atúnnǹkanṣe gbọ́wọ́ dúró. Nínú igbó Ọ̀ṣun, níbi tí àfojúsùn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ gbòòrò sí. Kò sí Ìyá Moòpó báyẹn níbẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò dàgbà tó bí àwọn kan ti rò, ní Yúróòpù pàápàá. Àwòrán Màríà ti ìlú Częstochowa ní Pólándì, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń rin ìrìn àjò lọ kùnlẹ̀ níwájú rẹ̀, olè ṣe é léṣe ní 1430. Àwọn tí ó tún un ṣe kò kàn lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wọ́n tún un kùn ni, àpá sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí dòní, bí ẹni tí ó kọlà. Kò sí olùsìn tí ó sọ pé kì í ṣe òun mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ilé-Ifẹ̀: àwọn obìnrin olùsìn ni wọ́n ń kun ògiri ojúbọ Olúorogbo. Òjò a wẹ̀ ẹ́ dànù. Bí ọdún bá dé, wọn a tún un kùn. Ọnà tọdún yìí kì í ṣe ọnà tèṣí, ojúbọ náà kò sì yí padà. Lójú tèmi, ìlànà yìí ni ó dá Wenger láre. Ohun tí a ń tọ́jú ni ìsìn àti ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Amọ̀ àti ẹfun kì í ṣe ogún náà.

Ìlànà kan náà ni ó sì bá a wí. Èkíní, obìnrin ni wọ́n ni ògiri tẹ́lẹ̀. Àwọn tí orúkọ wọn là jù nínú iṣẹ́ igbó Ọ̀ṣun lẹ́yìn Wenger, ọkùnrin ni wọ́n. Àwọn olóríyìn kì í sábà mẹ́nu ba èyí. Èkejì, sìmẹ́ńtì kì í retí ọdún. Ògiri amọ̀ ń pe ọmọ lọ́dọọdún kí ó wá fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ère sìmẹ́ńtì ní òun ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì parí. Omi ń wọ inú rẹ̀, irin ń dípẹtà, ó ń wú, sìmẹ́ńtì ń là. Ẹgbẹ́ tí ó ń jẹ́ Adunni Olorisha Trust ti ń tún àwọn ère náà ṣe báyìí, ẹni tí ó tún igbó ṣe sì ti di ẹni tí a ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Mo ń ro ọ̀rọ̀ yìí nítorí àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká. Ẹni tí ó bá gba Mọ́níyà lọ sí oko Akínyẹlé, tàbí tí ó gba Lálúpọn, Ẹ̀rúnmu, Akàǹràn, yóò rí ògiri amọ̀ tí òjò ti jẹ débi ìpìlẹ̀. Ojúbọ ìdílé wà lára wọn. Àdùnní kankan kò dé ibẹ̀, UNESCO kò sì ní dé ibẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni ọmọ tí ó bá rí owó ní Ìbàdàn kọ́kọ́ ń rà wálé: a fi rẹ́ ògiri, a kun ọ̀dà lé e, ọnà ìyá àgbà sì wọlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tí ó yà á sílẹ̀ sórí ìwé.

Ní ti igbó Ọ̀ṣun, èrò mi ni pé kí a ya ère tí ó bá jẹ́ ti ọwọ́ Wenger gan-an ní fọ́tò, kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì dì í mú bí ó ti wà, nítorí kò sí Wenger mìíràn. Ṣùgbọ́n ògiri ojúbọ tí wọ́n ṣì ń bọ, kí a dá a padà sọ́wọ́ àwọn olùsìn. Bí àwọn obìnrin Òṣogbo bá fẹ́ kun ún ní ọ̀nà tí kò jọ ti 1960 rárá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ẹfun lọ́wọ́ wọn.