Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Láìsí Ẹ̀fẹ̀: Àyẹ̀wò Kan Lórí Àfikún-Ìran ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé

Àwọn àgbà ní ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Mushin tàbí Yábàá kọjá afárá lọ wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nínú àpótí gíláàsì ní Èkó kò tíì rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Igi gbígbẹ́ ni ó rí. Kò sí aṣọ, kò sí ṣaworo ẹsẹ̀, kò sí ìlù.

Ọgbọ́n ẹ̀rọ kan wà tí ó fẹ́ tún èyí ṣe. Augmented reality ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. N ó máa pè é ní àfikún-ìran níhìn-ín, títí ẹgbẹ́ wa yóò fi rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù. Bí ènìyàn bá kọjú kámẹ́rà fóònù sí ohun kan, ẹ̀rọ náà yóò gbé àwòrán mìíràn lé e lójú fóònù. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́-ọnà ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà lò ó: ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ náà síwájú òkú ará Íjíbítì tí a fi aṣọ dì yóò rí egungun inú rẹ̀.

A lè mú kí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọṣọ kí ó sì jó báyìí. N kò lòdì sí i. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ojú nìkan ni ó ń bọ́. Ní Kétu àti Yewa, Ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú lóru, orin ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń júbà àwọn ìyá wa, ó sì ń bú oníwà ìbàjẹ́. Ọ̀sán ni ijó. Nígbà tí UNESCO bu ọlá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, àṣà àfẹnusọ ni wọ́n kà á mọ́, wọn kò kà á mọ́ ère. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun náà fi yé wa nínú ìwé rẹ̀ ti 2014 pé ẹni tí kò gbọ́ oríkì kò lè mọ iṣẹ́-ọnà Yorùbá dénú.

Bí ẹ̀rọ yóò bá wá sọ̀rọ̀, kí ó mọ ohùn o! Kò gbọdọ̀ pe igbá ní ìgbà létí ọmọ tí à ń yọ máàkì rẹ̀ nítorí àṣìṣe kan náà. Ilé J.K. Randle ní Oníkan ń kọ Yorùbá sára ohun àfihàn rẹ̀. Irú ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ dán an wò. Kí a gba ohùn akọrin Ẹ̀fẹ̀ gan-an sílẹ̀, ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, kí a má sọ ọ́ di Yorùbá ilé-ìwé.